Gèlè Ìyá Àgbà ní Kétu

Gèlè aláró kan ló sọ ìrìn àjò ọjọ́ méjì di ọjọ́ márùn-ún fún èmi àti Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọmọ bíbí Kétu ní ilẹ̀ Benin ni, àmọ́ ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru mú gan-an tí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan pè é lórí fóònù láti ilé. Ó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọ̀ ní àdúgbò àwọn, òun náà wà lára àwọn tó máa jó, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gèlè kan rán awakọ̀ sí òun. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Gèlè tèmi kì í dá rìn," ló wí. "Sọ fún wọn nílé pé mò ń bọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ti gba ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀. Mo lọ di ẹrù mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àmọ́ aṣọ obìnrin ló fi ń jó. Kò rà á, kò rán an, ńṣe ló yá a. Gèlè ìyá rẹ̀, ìró ìyàwó rẹ̀, ọ̀já tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi pọn ọmọ mẹ́ta, àwọn ni wọ́n máa ń dì mọ́ ọn lára títí táyà rẹ̀ á fi yọ, tí ìdí rẹ̀ á fi tóbi bíi ti ìyá ọlọ́mọ. Torí àwọn ìyá ni eré náà ṣe wà. Ifá sọ ọ́ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Yewájọbí ń wá ọmọ. Wọ́n ní kó gbé ère igi lé orí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kó sì jó. Ó jó, ó bí Ẹ̀fẹ̀, ó sì bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀, òru sì ni tirẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ni ijó, ọ̀sán sì ni tirẹ̀. Obìnrin tó bá yá wọn láṣọ kì í wo eré bí àlejò. Aṣọ tiẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wá kiri nínú agbo.

Mo ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí. Mo ti wò ó ní Àjàṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí wọ́n ti tẹ́ àga sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn ńlá, tí wọ́n gbé e jáde fún ogún ìṣẹ́jú, tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, tí ètò sì tẹ̀ síwájú. Àwọn àgbà ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran, èmi náà sì gbà pé tèmi ti rí i. Irọ́ ni. Ìrù ni mo rí, mi ò rí ẹran. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn: kí ẹni tó bá fẹ́ lọ wo Kétu má ṣe lọ ní ọ̀sán kó padà ní ìrọ̀lẹ́. Kó lọ, kó jókòó di àárọ̀.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. A wọ mọ́tò ní kùtù, a gba Ìṣàkẹ́tẹ́, a gba Pọ́bẹ̀. Ọ̀pẹ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà títí dé Pọ́bẹ̀, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Lẹ́yìn Pọ́bẹ̀ ni ilẹ̀ yí padà. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nìyẹn, amọ̀ dúdú tó máa ń sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ọwọ́ ọmọdé lè wọ inú rẹ̀, tó sì máa ń di ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì tí òjò bá dé. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tó da ọ̀dà sójú ọ̀nà yẹn, tí òjò bá ti rọ̀, wọn a bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọn a ká aṣọ sókè, wọn a gbé bàtà sórí. Ẹrẹ̀ yìí náà wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí apá Faransé tó ká àwọn Ọ̀họ̀rí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo wo ilẹ̀ náà láti ojú fèrèsé, ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, igi ṣákálá níbí, igi ṣákálá lọ́hùn-ún, èéfín iná ẹ̀ẹ̀rùn lókèèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ibi tó tutù lọ, mi ò mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì rí pátákó ìlú kankan nígbà tí Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn mí ní èjìká.

"Ilẹ̀ ti pọ́n. A ti délé."

Òótọ́ ni. Etí ọ̀nà ti di pupa, ògiri ilé ti di pupa, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ pàápàá pupa.

Kétu kì í ṣe ìlú tó máa fi ilé gíga dá ọ lójú. Àwọn zẹ́míjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bẹntiróò inú ìgò wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn obìnrin gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, ọjà kún. Bí a ṣe sọ ẹrù sílẹ̀ ni mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú láyé ogun. Ilé amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì tutù bí ìdí àmù. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká láyé ọjọ́un ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ lé ògiri náà, mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin tó mú wa lọ sọ ìtàn orúkọ ìlú fún mi bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ níbẹ̀: ta ní í tú iké, ta ni yóò fọ́ ìlú? Bí kò ti sí ẹni tó lè tẹ́ ẹ̀yìn abuké, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tó máa fọ́ Kétu.

Wọ́n fọ́ ọ. Ní 1886, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Dànhọmẹ̀ ti dó ti ìlú títí ebi fi wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n sun Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbọ̀mì, olú ìlú Dànhọmẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dànhọmẹ̀, ni àwọn tó kù rọ́nà padà, ní nǹkan bí 1893 sí 1894, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Àwọn tí wọ́n ti tà sókè òkun ṣáájú ìgbà yẹn náà ò jẹ́ kí orúkọ náà kú. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, Kétu ni orúkọ ìdílé tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn ilé òrìṣà, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sì ni ọba Kétu lẹ́nu wọn títí dòní. Mo dúró nínú òkùnkùn Ìdènà, mo ń ro ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí iná 1886 á ti jó. Ère igi kì í sá lọ. Ohun tí wọ́n lè gbé lọ sóko ẹrú kí wọ́n sì gbé padà ni èyí tó wà lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀.

Ní ti ibi tí a máa sùn, mo ti fi owó ránṣẹ́ sí ilé ìgbàlejò kan ṣáájú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti fi yàrá wa fún ẹlòmíràn, wọn ò sì dá owó padà. Ó dùn mí. Àmọ́ orí ẹní ní ilé àbúrò Ìyá Àgbà la wá sùn, yàrá tó kàn wá sì ni wọ́n kó ẹrù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí. Bí wọ́n bá fún mi ní ilé olówó iyebíye lónìí, mi ò ní fi pààrọ̀ ẹní yẹn.

Ère tí ọmọkùnrin náà máa gbé wà lórí àpótí. Ojú obìnrin ni, ó mọ́ra, ilà mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí rẹ̀ ni aránṣọ kan ti jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju gígùn apá mi lọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Tí ẹni tó ń jó bá fà á, ọwọ́ aránṣọ náà á lọ síwájú, á tún padà, bí ẹni tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Mo gbàṣẹ, mo gbé e, mo yí i padà. Ìta rẹ̀ ń dán bí tuntun, àmọ́ inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ìdí ọpọ́n àtijọ́. Òógùn orí ni. Wọ́n ní bàbá ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbé e jó. Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún, ìta nìkan ni wọ́n sì máa ń kùn.

Ìyá Àgbà yọ gèlè jáde nínú àpò ọ̀rá. Àdìrẹ aláró ni, ó ti fẹ̀lẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ká a. "Èyí ni mo wé lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ," ló wí. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá fi gèlè náà kàn án lórí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kó gbà á.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá òru la lọ sójú agbo. Kò sí pèpéle, kò sí àga. Ilẹ̀ ni ìtàgé, a sì tẹ́ ẹní yí i ká, obìnrin níbí, ọkùnrin lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé níwájú pátápátá. Ní ìhà kan, wọ́n ti fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ máa gbà jáde. Ìyá ìlù ti ń sọ̀rọ̀ kí a tó dé, àwọn ọmọ ìlù ń gbè é.

Arábì Ajígbálẹ̀ ló jáde ṣáájú. Ó gbá agbo láti igun dé igun, bí obìnrin tó jí ní kùtù. Agbénà tẹ̀ lé e, iná ń jó lórí rẹ̀, ẹ̀ta iná ń já bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo, wọ́n ń sá sẹ́yìn, wọ́n tún ń wá síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apaná. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó pa gbogbo iná, gbogbo iná sì ni: àtùpà, fìtílà àwọn tó ń ta ẹ̀pà, iná ilé tó wà nítòsí. Láyé àwọn baba wa ó parí síbẹ̀. Nísinsìnyí fóònù wà. Ohùn àgbàlagbà kan ké láti inú òkùnkùn pé kí kálukú pa tiẹ̀. Mo ń wo bí ojú fóònù ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, níbí, lọ́hùn-ún, títí ó fi ku ẹyọ kan lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Gbogbo agbo kàn dákẹ́, a ń retí rẹ̀. Ó pa á.

Òkùnkùn yẹn ni ohun tí wọn ò lè gbé wá sí Àjàṣẹ́. Mo gbọ́ èémí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí ìràwọ̀. Ìyá, èyí tó dúró fún àwọn ìyá fúnra wọn, jáde, a ò rí i tán. Aṣọ funfun gígùn kan tó ń wọ́ nílẹ̀ ni ojú mi gbá mú, ó tẹ̀ba, ó ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn àgbà pa á mọ́ sáàárín. Ìyá Àgbà ti wólẹ̀ sórí eékún rẹ̀ lórí ẹní kí n tó mọ̀, èmi náà sì wólẹ̀. Nígbà tí Ìyá wọlé padà, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wú ikọ́.

Tètèdé ló fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó ń pe ọkọ rẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru, pé wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́, agbo ti tò, kó máa bọ̀. Ó pè é, kò dáhùn. Ó tún pè é. Láti ẹ̀yìn màrìwò, ohùn kan jẹ́, ó jìn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti ẹni tó ṣì wà lọ́nà oko. Gbogbo obìnrin kígbe. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé nínú ìwé Faransé láti ọdún mẹ́wàá, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ pè jáde sójú agbo rí.

Ó jáde, ejò àti oṣù wà lórí ère rẹ̀, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ gbàràgàdà, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìjúbà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó júbà àwọn ìyá, ó júbà Ògún, ó júbà ọba, ó júbà àwọn tó ti kọrin ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ti sùn. Àwọn kan ti so gbohùngbohùn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, ó ń han bí akọ adìẹ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Nígbà ìjúbà, àwọn àgbà ní kí wọ́n pa á, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ gangan. Nígbà tó yá, wọ́n tún tan ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tó jìnnà gbọ́ ni. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò rẹ̀, ẹ pa á. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìjúbà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlú palẹ̀. Ó kọrin nípa ẹni tó ń gba àjọ tó sì jẹ owó àjọ. Kò dárúkọ, àmọ́ orí gbogbo ènìyàn yí sí apá kan náà. Ọkùnrin kan dìde, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, nígbà tó yá ó padà wá jókòó, ó sì bá wọn gbe orin náà. Kò sẹ́ni tó lè bá Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ jà nítorí ohun tó wí lóru. Àwọn ìyá ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èdè Kétu ò rí bí Yorùbá Àjàṣẹ́ tí mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan á wọlé sí mi létí, méjì á fò mí dá. Ìyá Àgbà ń tú u fún mi, á fọwọ́ gbá mi nítan, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n kó tó parí, èyí tó kàn á ti kọjá lọ, àwọn ènìyàn á ti rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ pé òun ò gbọ́. Mo ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá, ẹ máa gbọ́ tiyín." Bí mo ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni orin kan wá tí mi ò nílò ògbufọ̀ fún:

Ẹ bá mi kí ọmọ tó dé láti Kútọnu o,
Èdè òyìnbó ló fi kí ìyá tó bí i.
Ìyá ò dáhùn, ẹnu ọmọ ló ń wò:
Ta ló pààrọ̀ ahọ́n tí mo fún ọ?

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn elégbè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn obìnrin gbà á. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, àwọn ọmọdé iwájú ti mọ̀ ọ́n, gbogbo agbo ń kọ ọ́: ta ló pààrọ̀ ahọ́n, ta ló pààrọ̀ ahọ́n? Èmi náà ń kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú mi. Faransé ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ nílé. Mo ti máa ń sọ pé kí ilé ìwé má bàa le fún wọn ni. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó yíjú sí mi lóru yẹn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Inú mi dùn sí i. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà nígbà tí a ń lọ sílé ní ìdájí. Ó rìn díẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbọ́ orin náà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Nígbà tí mo lọ ra ẹ̀kọ ní aago mẹ́jọ, obìnrin tó ń ta á, tí kò tíì fojú kan oorun, ń fi ewé tẹ ẹ̀kọ rẹ̀ sínú igbá, ó ń kùn ún lábẹ́ imú: ta ló pààrọ̀ ahọ́n. Ìṣẹ́jú yẹn ló yé mi bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Eré Kétu kì í parí lójú agbo. Wọ́n kọ́ ìlú ní orin lóru, ìlú á sì máa fi í bá ara rẹ̀ wí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ijó. Méjì méjì ni wọ́n ń jáde, ère méjì tó jọra, ṣaworo irin lẹ́sẹ̀, ìyá ìlù á sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ tún un sọ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìlù á rò pé wọ́n kàn ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ ni. Oníjó wa jáde pẹ̀lú ìkejì rẹ̀, aránṣọ orí rẹ̀ ń rán aṣọ lọ, àwọn ọmọdé ń ṣe "hẹn!" ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mì. Gèlè náà wà láyà rẹ̀, wọ́n ti dì í gba èjìká òsì.

"Tèmi nìyẹn!" Ìyá Àgbà ti wà lórí ìdúró. "Tèmi nìyẹn!"

Bí ijó ṣe ń gbóná, etí gèlè náà tú, ó ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà, tó ti ń ṣàròyé orúnkún láti Àjàṣẹ́, wọ inú agbo lọ. Oníjó ò dúró. Ìyá tẹ̀ lé e, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, ó mú etí gèlè náà, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó kì í bọ inú ìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ó gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni tó gbá ẹ̀yìn ọmọ. Gbogbo àwọn obìnrin hó. Ó padà wá jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí eré fi parí.

Nígbà tí wọ́n dá gèlè padà, ó ti pọ́n fún eruku, òógùn ti gbẹ sí i lára. Ìyàwó ọmọkùnrin náà fẹ́ fọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọ̀ ọ́. Kétu ṣì wà lára rẹ̀."

Ó wé e bẹ́ẹ̀. Ó tún wá sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí a ti rìn jìnnà tó báyìí, òun fẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ lọ wo ọmọ òun obìnrin tó lọ́kọ síbẹ̀. A gba apá ìwọ̀ oòrùn, a sọdá odò Wémè, a gba Kové, níbi tí àwọn Màhì náà ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwọn, a dé Bọ̀híkọ̀n, a kọjú sókè. Láti Ìdàsà ni òkè ti bẹ̀rẹ̀, ìlú olókè mọ́kànlélógójì, wọ́n yí ọ̀nà ká bí àgbàlagbà tó jókòó nípàdé. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àgbà ò gbà.

Àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ hàn sí wa kí a tó rí ilé kankan. Ó ga fíofío, ó rí roboto, ó dúdú níbi tí omi òjò ti máa ń ṣàn, ó rí bí eérú níbi tó kù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlú wà. Ojú irin tó ti Kútọnu bọ̀ dé ibẹ̀ ní 1911, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó lọ sí Parakou. Koríko ti bò ó níbi tí mo ti rí i.

Kì í ṣe òkè tí èèyàn kàn ń gùn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ọkọ ọmọ Ìyá Àgbà mú mi lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, a mú sódabì, ògógóró ibẹ̀, dání, wọ́n tú u sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ lé mi. A gbéra ní ìdájí. Bàtà ò wúlò, mo bọ́ ọ. Àpáta náà rí págunpàgun lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti gbóná díẹ̀ kí oòrùn tó yọ, bí ẹni pé ooru àná ṣì wà nínú rẹ̀. Alángbá olórí pupa wò wá títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ihò kan hàn mí lábẹ́ àpáta tó fara ti òmíràn, ó ní ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n máa ń kó ọmọ sí nígbà ogun Dànhọmẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀, mo jókòó. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tí ogun lè gbà bọ̀ hàn kedere.

Nígbà tí a dé òkè, atẹ́gùn fẹ́ mi láṣọ. Páànù ilé ń dán nísàlẹ̀, pápá tẹ́ lọ sí ìhà odò Ọ̀párá, àpáta kéékèèké yọ orí níbí àti lọ́hùn-ún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohùn. Gbogbo ohun tí ìlú ń ṣe ń gòkè wá bá wa: odó iyán, àkùkọ, obìnrin tó ń bá ọmọ wí. Mo gbọ́ ṣaworo pẹ̀lú. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ṣé wọ́n ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lónìí ni, torí Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní tiwọn. Ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní agolo ni.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àgbà wà lórí òkúta kan nídìí àpáta, abọ́ iyán tó ti ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ku wàrà Fúlàní kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀. Gèlè aláró náà wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú eruku pupa rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí kò tíì ju ọdún méje lọ, dúró níwájú rẹ̀. Ó ti fi okùn so agolo mílíìkì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn. Akèrègbè tó ti fọ́ lápá kan ló dé sórí.

"Ìyá Àgbà, ẹ yá mi ní gèlè."

Ìyá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé o mọ orin ni?"

Ọmọ náà gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, agolo dún, àpáta sì dá a padà. Ó la ẹnu: ta ló pààrọ̀ ahọ́n, ta ló pààrọ̀ ahọ́n. Alẹ́ àná nìkan ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà nídìí ààrò. Ó kọ ọ́ pé pérépéré.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè, ó tú gèlè náà. Ó fà á gba èjìká òsì ọmọ náà, ó dì í láyà lẹ́ẹ̀mejì, ó mú etí rẹ̀, ó kì í bọ inú ìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn.